Williams, John

Aṣẹ̀dá orin fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n ọmọ Amẹ́ríkà, tí wọ́n bí ní New York ní 1932. Onílù jáàsì ni bàbá rẹ̀. Ẹbí wọn kó lọ sí Los Angeles ní 1948. Lẹ́yìn tó kúrò nínú ọmọ ogun òfurufú, ó kọ́ dùùrù ní ilé-ẹ̀kọ́ orin Juilliard, ó sì padà sí Hollywood láti máa tẹ dùùrù fún àwọn aṣorin mìíràn. Òun ló tẹ dùùrù nínú orin eré tẹlifíṣọ̀n Peter Gunn tí Henry Mancini ṣe. Orúkọ “Johnny Williams” ló fi ṣe orin eré tẹlifíṣọ̀n Lost in Space (1965). Orin fíìmù Fiddler on the Roof fún un ní Oscar àkọ́kọ́ ní 1972. Nínú fíìmù Jaws (1975), ohùn méjì péré ló fi ń kéde ẹja apanijẹ. Orin fíìmù yìí ló fún un ní Oscar kejì.