Ọjọ́ Tí Ọrùn Trautmann Kán ní Wembley

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 oṣù Karùn-ún, 1956. Manchester City àti Birmingham City ló ń du ife-ẹ̀yẹ FA ní London.

Aago mẹ́ta ọ̀sán

Nǹkan bí 100,000 èèyàn ló kún pápá Wembley. Bert Trautmann ló ń ṣọ́lé fún Manchester City, ọmọ Jámánì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú lóǹdè nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tó sì kọ̀ láti padà sílé lẹ́yìn ogun. City jẹ góòlù ní ìṣẹ́jú kẹta, Birmingham dá a padà ní ìṣẹ́jú kẹẹ̀ẹ́dógún.

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún

City tún jẹ góòlù méjì tẹ̀léra. Ó di 3-1.

Kí aago mẹ́rin ààbọ̀ tó lù

Ó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún. Peter Murphy ti Birmingham ń lé bọ́ọ̀lù bọ̀. Trautmann bẹ́ lulẹ̀ síwájú rẹ̀, ó gbá bọ́ọ̀lù mọ́ra, orúnkún Murphy sì bá a lọ́rùn. Ó dákú. Olùtọ́jú City, Laurie Barnett, sáré wọlé tòun ti kànrìnkàn. Òfin ìgbà náà kò gba pé kí ẹlòmíì rọ́pò ẹni tó fara pa. Trautmann dìde, ó ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n, ó sì padà sẹ́nu òpó. Kò pẹ́ tí òun àti Dave Ewing, tí wọ́n jọ wà ní City, tún kọlu ara wọn.

Egungun méje ló wà lọ́rùn. Inú wọn ni okùn iṣan tí ọpọlọ fi ń darí ọwọ́, ẹsẹ̀ àti mímí gbà kọjá. Egungun lè kán kí okùn yìí má já. Ẹni náà á máa rìn, á máa sọ̀rọ̀, àmọ́ bó bá yí orí lọ́nà òdì, ó lè rọ pátápátá. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ dìde lónìí. Ẹnì kan á kúnlẹ̀ síbi orí rẹ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú kó má mì. Wọ́n á wo bó ṣe ń mí, wọ́n á bi í bóyá àárín ẹ̀yìn ọrùn ń dùn ún, bóyá ọwọ́ rẹ̀ kú tipiri, bóyá ó lè mi ọmọ ìka ẹsẹ̀. Àwọn mélòó kan á wá yí i lẹ́ẹ̀kan náà, kí orí àti ara jọ lọ.

Bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́

Eré parí, City gba ife. Trautmann fọwọ́ di ọrùn mú kúrò ní pápá. Prince Philip, ọkọ Ọbabìnrin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá rí i pé ọrùn náà wọ́.

Alẹ́

Trautmann bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ síbi àsè, àmọ́ kò lè yí orí. Lọ́jọ́ kejì, ilé ìwòsàn kan sọ fún un pé ọrùn ló kàn lé.

Ọjọ́ kẹrin ni ẹ́sírè ní Manchester Royal Infirmary tú àṣírí: egungun márùn-ún ti yẹ̀, ìkejì ti là sí méjì. Ìkẹta ló há mọ́ ìkejì, tí kò jẹ́ kó yẹ̀ síwájú sí i. Wọ́n fi irin mú agbárí rẹ̀, wọ́n fi POP (plaster of Paris) dè é fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ó padà gbá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n egungun kan tó ṣèèṣì há ló gbà á là. Rírìn tó ń rìn kò sọ ohunkóhun nípa ọrùn rẹ̀.