Oko ẹ̀rọ amúnáwá alátẹ́gùn lórí irà píìtì

Píìtì ni ilẹ̀ dúdú rírọ̀ tí ewéko tó kú sínú irà máa ń dà lẹ́yìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, nítorí pé omi kì í jẹ́ kó jẹrà tán. Nǹkan bí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ ayé ló gbà, síbẹ̀ kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ ju ti gbogbo igi igbó àgbáyé lọ. Bí wọ́n bá la ọ̀nà tàbí gbẹ́ kòtò ìdarí omi síbẹ̀ láti gbé ẹ̀rọ alátẹ́gùn kalẹ̀, omi á fà, afẹ́fẹ́ á wọlé, kábọ́ọ̀nù á sì máa tú jáde. Iná atẹ́gùn dára púpọ̀, ṣùgbọ́n irú ilẹ̀ yìí kò yẹ ẹ́.

Ewu tó yára jù ni kí ilẹ̀ ya. Òkìtì píìtì tí wọ́n hú jọ sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lè ti ìyókù lulẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá 2003, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ oko ẹ̀rọ alátẹ́gùn Derrybrien, lórí àwọn òkè Slieve Aughty ní Ireland, nǹkan bí 450,000 mítà kúbíìkì píìtì ya. Ó wọ́ igi, ó ya wọ odò, omi di ẹrẹ̀, ẹja bí 50,000 sì kú. Ní 2008, Ilé-ẹjọ́ Yúróòpù dá Ireland lẹ́bi pé wọn kò yẹ ewu àyíká Derrybrien wò bó ṣe yẹ. Ní 2019, ó bu ìtanràn mílíọ̀nù 5 yúrò lé e, àti 15,000 yúrò lójoojúmọ́ títí àtúnṣe yóò fi wáyé. Ní oṣù kọkànlá 2020, píìtì tún ya níbi iṣẹ́ oko alátẹ́gùn mìíràn ní Meenbog, Donegal, ó sì ba odò jẹ́ wọ Àríwá Ireland. Ní 2022, àwọn tó ni Derrybrien gbà láti tú gbogbo ẹ̀rọ 70 ibẹ̀ palẹ̀.