Ta Ló Lè Yọ Olórí Ìjọba? Ẹ̀kọ́ Inú Ẹjọ́ Adégbẹnró àti Akíntọ́lá

Ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni, ìbéèrè kan wà tí mo máa ń bi kíláàsì kọ̀ọ̀kan: kí nìdí tí a fi pín agbára ìjọba sí ọ̀nà mẹ́ta? Ìdáhùn tó máa ń yá wọn lẹ́nu ni pé aṣòfin ń ṣe òfin, aláṣẹ ń mú un ṣẹ, adájọ́ ń túmọ̀ rẹ̀. Òótọ́ ni. Abala 4, 5 àti 6 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ìwúlò ìpín náà kì í hàn títí ìjà á fi dé. Ẹ jẹ́ ká wo ìjà kan tó ṣẹlẹ̀ n'Ìbàdàn ní 1962.

Lásìkò yẹn, aráàlú kì í dìbò yan gómìnà. Ọọ̀ni Ifẹ̀, Sir Adésọjí Adérẹ̀mí, ni Gómìnà agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn, ṣùgbọ́n Premier ló ń darí ìjọba, inú Ilé Aṣòfin ni wọ́n sì ti ń mú un. Samuel Ládòkè Akíntọ́lá ló wà nípò náà, ìjà sì ti wọ àárín òun àti olórí ẹgbẹ́ wọn, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ìwé òfin agbègbè náà ní Gómìnà kò gbọdọ̀ yọ Premier àfi bó bá hàn sí i pé ọ̀pọ̀ jùlọ nínú ọmọ Ilé kò sí lẹ́yìn rẹ̀ mọ́.

Báwo ni yóò ṣe hàn sí i? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Aṣòfin 66 nínú 124 fọwọ́ sí ìwé pé àwọn ò ṣe ti Akíntọ́lá mọ́. Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún, Gómìnà yọ ọ́, ó sì fi Alhaji Dauda Adégbẹnró rọ́pò rẹ̀. Akíntọ́lá gba ilé ẹjọ́ lọ. Nígbà tí Ilé pàdé ní ọjọ́ 25, ìjà bẹ́ sílẹ̀: wọ́n ń sọ àga lura wọn, wọ́n ṣẹ́ ọ̀pá àṣẹ, ọlọ́pàá sì yin tajútajú. Ní ọjọ́ 29, ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì, wọ́n sì fi Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí ṣe alákòóso.

Ní oṣù Keje, ọ̀pọ̀ nínú àwọn adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá Akíntọ́lá láre: inú Ilé ni kí wọ́n ti dìbò, ìwé tí èèyàn fọwọ́ sí kò tó. Adégbẹnró pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ sí Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1963, wọ́n yí ìdájọ́ náà padà. Wọ́n ní òfin kò sọ pé ìbò inú Ilé nìkan ni Gómìnà lè wò.

Àmọ́ Akíntọ́lá ti padà sórí àga láti oṣù Kìíní ọdún náà, nígbà tí pàjáwìrì parí. Ǹjẹ́ ó kúrò? Rárá o! Ilé Aṣòfin tún ìwé òfin ṣe pé inú Ilé nìkan ni ìbò ìyọnípò ti lè wáyé, wọ́n sì dá ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà sí oṣù Kẹwàá 1960. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n pa èèyàn láyò, tó wá ní kí wọ́n yí òfin ayò padà, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìjẹta. Nígbà tí Nàìjíríà di olómìnira aláìlọ́ba ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1963, ọ̀nà Privy Council náà dí.

Ẹ kíyè sí i: n kò sọ pé ẹni báyìí ló jàre nínú ìjà òṣèlú yẹn. Àwọn onímọ̀ òfin ṣì ń jiyàn lórí ìdájọ́ méjèèjì. Ohun tí mò ń sọ ni pé aṣòfin lágbára láti tún òfin ṣe fún ọ̀la. Bó bá fi òfin pa ìdájọ́ àná rẹ́, òun náà ti di adájọ́ nìyẹn, nínú ẹjọ́ tó kan òun fúnra rẹ̀. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Lẹ́yìn èyí, ta ló tún máa gbà pé ilé ẹjọ́ lè parí ìjà? Ìbò 1965 dé, ẹni tó gbà pé wọ́n rẹ́ òun jẹ kò gba ilé ẹjọ́ lọ mọ́; iná ni wọ́n ń sọ sílé ara wọn.

Ẹ wá fi wé ohun tó ṣẹlẹ̀ n'Ìbàdàn kan náà ní oṣù Kìíní 2006. Aṣòfin 18 nínú 32 lọ jókòó síbòmíràn tí kì í ṣe gbọ̀ngàn Ilé, wọ́n yọ Gómìnà Rashidi Ládọjà. Abala 188 béèrè ìdá méjì nínú mẹ́ta, èèyàn 22 nìyẹn. Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní ìyọnípò náà kò bófin mu, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fọwọ́ sí i ní oṣù Kejìlá, Ládọjà sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìyà oṣù mọ́kànlá ni o, ṣùgbọ́n ìdájọ́ dúró. Kò sẹ́ni tó dá ọjọ́ òfin padà.

Àlàfo kan ṣì wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ tẹ́ ẹ ti di lọ́yà àti olóṣèlú rò dáadáa. Abala 4(9) ní aṣòfin kò gbọdọ̀ ṣe òfin tó ń ṣiṣẹ́ sẹ́yìn lórí ọ̀ràn dídá. Lórí ọ̀ràn dídá nìkan ni o. Bí irú ti 1963 bá tún fẹ́ wáyé lọ́la, gbólóhùn wo nínú ìwé òfin wa lẹ máa nawọ́ sí?