Sẹ́ńtà Lọ́ọ̀kì: Ìtàn Ilẹ̀kùn Tó Ti Ara Rẹ̀ ní Bẹẹrẹ

 Kì í ṣe gírámà ni mo gbé wá lónìí. Ìtàn ilẹ̀kùn ọkọ̀ ni.

Ní oṣù tó kọjá, mo gbé ọmọ-ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin tó wá kí wa láti Lọ́ńdọ̀nù, lọ wo Gbọ̀ngàn Màpó. Nígbà tí à ń padà bọ̀, mo dúró ní Bẹẹrẹ láti ra iṣu. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo fi kọ́kọ́rọ́ síbẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀, mo pa ilẹ̀kùn dé. N kò tíì rìn ju ìṣísẹ̀ méjì lọ tí mo fi gbọ́ "kà!" Ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ara wọn. Gbogbo gíláàsì wà lókè, oòrùn ọ̀sán sì mú janjan.

Mo pariwo ní Yorùbá pé kó fa nǹkan dúdú ẹ̀gbẹ́ fèrèsé sókè. Ọmọ náà ń wò mí, kò gbọ́. Mo yí i sí Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ẹkún ti gba etí rẹ̀. Èrò ti pé lé wa lórí, ẹnì kan tilẹ̀ ti mú òkúta. Ibẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ rewáyà ní Bẹyẹrúnká ti já wọ àárín wa: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n fọ́ ọ. Ẹ sún díẹ̀." Ó kan gíláàsì pẹ́pẹ́, ó fi ojú ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọmọ fi rẹ́rìn-ín, ó wá fi ìka méjì ṣe bí ẹni tó ń fa nǹkan sókè. Ọmọ náà ṣe bíi tirẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ènìyàn ní ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, ìka ló bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà.

Báwo ni ilẹ̀kùn ṣe wá di ohun tó lè ti ara rẹ̀? Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀. Orí omi ni ọkọ̀ ti gùnlẹ̀ nínú èdè wa. Nígbà tí rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901, ọkọ̀ ojú irin náà di ọkọ̀. Mọ́tò dé, a sọ ọ́ ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, nítorí ó ń yọ́ lọ. Nígbà èwe mi, ọwọ́ ni a fi ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ Packard ti ń ta ọkọ̀ tí iná mànàmáná ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ láti 1956. Ní Jámánì, àwọn Mercedes W123 tó jáde ní 1976 gba ọ̀nà mìíràn: ọ̀pá rọ́bà tín-ín-rín ni wọ́n fi ń fa afẹ́fẹ́ láti ti ilẹ̀kùn.

Ní 1975 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, tí a sì ń to Volkswagen pọ̀ ní Èkó. Àmọ́ lẹ́yìn ètò SAP ti 1986, náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun sì di àwòmọ́jú fún òṣìṣẹ́ bíi tèmi. A bẹ̀rẹ̀ sí í ra àlòkù láti òkè òkun, a sì fi orúkọ ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀ pè é: Tọ́kunbọ̀. Inú Tọ́kunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ bá ilẹ̀kùn oníná pàdé. Ìwé rẹ̀ kì í sábà bá a wá. Àwọn rewáyà ló tú u palẹ̀, tí wọ́n fi ojú kọ́ ọ, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní "sẹ́ńtà lọ́ọ̀kì". Èdè wa kì í fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì tò tẹ̀lé ara wọn, tàbí kó parí ọ̀rọ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tún un ṣe láìbéèrè lọ́wọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kankan.

Ọmọ Bẹyẹrúnká yẹn ò fọwọ́ kan wáyà kó tó béèrè: "Sé ilẹ̀kùn kan ni àbí gbogbo ẹ̀?" Ó ṣàlàyé fún mi. Bí gbogbo rẹ̀ bá kú, a ó wo bátìrì, fíúsì, rílè, àti súwíìṣì ilẹ̀kùn awakọ̀. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, a ó wo wáyà ilẹ̀kùn yẹn, mọ́tò kékeré inú rẹ̀, tàbí irin tó so mọ́tò mọ́ lọ́ọ̀kì. Bó bá ń ti ara rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wáyà kan máa kan èkejì. Ó ṣí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, ó tún pa á dé, kò sì yí ohun mìíràn padà. Ti awakọ̀ nìkan ló mú lọ́ọ̀kì fò. Mo rántí bí mo ṣe máa ń kọ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sára pátákó fún yín: yí ẹyọ ohun kan padà, kí o wo ohun tó yí.

Ó yọ orí bátìrì, ó fa rọ́bà tó wà láàárín ilẹ̀kùn àti ara ọkọ̀. Níbẹ̀ ni wáyà máa ń ká tó sì máa ń nà ní gbogbo ìgbà tí a bá ṣí ilẹ̀kùn. Awọ wáyà méjì ti sán, bàbà inú wọn hàn síta. Ó gé ibi tó bàjẹ́, ó fi wáyà tuntun sí i, ó fi òjé jó wọn pọ̀, ó sì fi téèpù wé ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

Ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ àti ọmọ sínú ọkọ̀ láé, ìbáà jẹ́ ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀bi tèmi ni, kì í ṣe ti wáyà. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìwádìí, ẹ lọ jókòó ti àwọn rewáyà ní Bẹyẹrúnká àti Agodi Gate, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọn sílẹ̀. Orí ni wọ́n fi ń gbé e, ọ̀gá ń kú, ọmọṣẹ́ ń kúrò. Ní ti ọmọ-ọmọ mi, a ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó mọ̀ dáadáa ni "fà á".