Ìdí Tí Dúrọ́ọ̀mù Fi Pẹ́ Lẹ́yìn Píkọ́ọ̀pù

Ẹnu ẹṣin ni ìjánu wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mọ́tò dé, a yọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ẹṣin, a gbé e lọ sídìí táyà, ìdí nìyẹn tí àwọn oníròyìn fi ń sọ dòní pé ìjánu ọkọ̀ kan já lójú pópó. Ẹ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ ò ní gbọ́ ìjánu níbẹ̀ o, bíréèkì ni. Èmi fẹ́ràn ìjánu, ṣùgbọ́n ìtàn àwọn mẹkáníìkì ni mo fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ tiwọn ni n ó lò.

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ tó fi Amẹ́ríkà ṣe ilé ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ó fẹ́ yọ axle ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù Ford Ranger rẹ̀, ìyẹn irin gbọọrọ tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, kó fi ti Ford Explorer rọ́pò rẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù ló wà lára tirẹ̀, díìsìkì ló wà lára ti Explorer. Ó ní, "Prof, ṣebí ilé-iṣẹ́ kan náà ló ṣe méjèèjì? Kí ló dé tí wọ́n fi ṣe ojúsàájú?" Ìbéèrè gidi ni.

Ọjọ́ orí kan náà ni díìsìkì àti dúrọ́ọ̀mù. Lọ́dún 1902, Louis Renault gbé dúrọ́ọ̀mù jáde ní ilẹ̀ Faransé; lọ́dún yẹn kan náà, Frederick Lanchester gba ìwé àṣẹ lórí díìsìkì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Dúrọ́ọ̀mù dà bí ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ dé: ṣúù méjì wà nínú rẹ̀, tí a bá tẹ bíréèkì, wọ́n á là síta, wọ́n á há mọ́ ògiri ìkòkò náà. Díìsìkì ní tirẹ̀ jẹ́ àwo irin pẹrẹsẹ tó ń yí pẹ̀lú táyà, pádì méjì á sì fún un láti ọ̀tún àti òsì, bí ẹni fi àtàǹpàkò àti ìka mú eyín àgbàdo. Bàbà ni Lanchester fi ṣe pádì tirẹ̀. Ó ń tètè jẹ, ó sì ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n mú. Dúrọ́ọ̀mù ló wá gba ayé fún àádọ́ta ọdún.

Ooru ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ohun tí bíréèkì ń ṣe kò ju pé kó sọ eré ọkọ̀ di ooru. Tí dúrọ́ọ̀mù bá gbóná, ó máa ń wú, tó bá sì wú, ògiri rẹ̀ á sá fún ṣúù. Awakọ̀ á tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ á wọlé lọ, ọkọ̀ ò ní fẹ́ dúró. Ẹni tó bá ti gbé ẹrù wúwo sọ̀kalẹ̀ òkè gígùn rí mọ ohun tí mò ń wí. Díìsìkì náà ń wú, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń wú sápá ibi tí pádì wà, atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí i lára ní gbangba. Omi kì í dúró lára rẹ̀ bákan náà, yíyí tó ń yí á gbọ̀n ọ́n dànù.

Lọ́dún 1953, Tony Rolt àti Duncan Hamilton fi Jaguar C-Type tó ní díìsìkì Dunlop gba ipò kìíní nínú eré wákàtí mẹ́rìnlélógún ti Le Mans. Eré wọn ju 105 máìlì ní wákàtí kan lọ, tí a bá pín in dọ́gba. Kò sẹ́ni tó tíì kọjá 100 níbẹ̀ rí. Kì í ṣe pé ọkọ̀ wọn kàn lè sáré. Wọ́n lè pẹ́ kí wọ́n tó tẹ bíréèkì, wọ́n sì lè tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ọ̀sán dòru. Citroën DS gbé díìsìkì wọ iwájú ọkọ̀ ará ìlú ní 1955. Nígbà tó di 1965, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Corvette ló ní in.

Ẹ kíyè sí i pé iwájú ni DS fi tirẹ̀ sí. Tí ọkọ̀ bá ń dúró, ìwúwo rẹ̀ á rọ́ síwájú, táyà iwájú ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Fún ẹ̀yìn, àwọn ilé-iṣẹ́ rí i pé dúrọ́ọ̀mù tó. Owó rẹ̀ kò pọ̀. Okùn irin kan ti tó láti sọ ọ́ di háǹdì bíréèkì. Ó tún ní ọgbọ́n kan tí díìsìkì kò ní: bó ṣe ń yí, òun fúnra rẹ̀ ló ń fa ṣúù mọ́ra, agbára díẹ̀ lẹ́sẹ̀ awakọ̀ á sì di púpọ̀. Píkọ́ọ̀pù tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣófo lọ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ta ló fẹ́ náwó díìsìkì sí i lẹ́yìn?

Bẹ́ẹ̀ ni Ranger, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti ọdún 1983 tó sì parí ní Amẹ́ríkà ní 2011, ṣe ń gbé dúrọ́ọ̀mù kiri lẹ́yìn fún èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀. Ara Ranger yìí ni wọ́n ti yọ Explorer ti 1991, ọkọ̀ ìdílé tí ìyá ń fi kó ọmọ lọ sílé ìwé. Wọ́n fi díìsìkì sí ẹ̀yìn Explorer láti ọdún 1995. Lójú tèmi, ojúsàájú ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìṣirò ọjà ló wà nídìí rẹ̀: ẹni tó ń ra ọkọ̀ ìdílé máa ń sanwó fún ohun tí oníṣẹ́ kò ní san.

Àwọn oníṣẹ́ náà kò dákẹ́. Wọ́n ń lọ síbi tí wọ́n ń tú ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ sí, wọ́n ń ra axle Explorer níbẹ̀ (àlòkù tí wọ́n ń pè ní Belgium ní Ládípọ̀). Nọ́tì márùn-ún ni táyà méjèèjì ní, ìwọ̀n wọn sì bára mu. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni sípíríìngì: orí axle ni ti Ranger jókòó sí, abẹ́ axle ni ti Explorer gbà. Wẹ́dà á gé ìjókòó àtijọ́ kúrò, á jó tuntun sórí, díẹ̀díẹ̀, kí ooru má baà tẹ irin náà.

Ohun tí mo sọ fún ọmọ mi náà nìyí: iná wẹ́dà kọ́ ni mo ń bẹ̀rù, ìdọ́gba iwájú àti ẹ̀yìn ni. Dúrọ́ọ̀mù ni àwọn ẹnjiníà ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń pín agbára òróró bíréèkì Ranger. Tí ẹ̀yìn tó ṣófo bá wá tètè dì ju iwájú lọ, pàápàá nínú òjò, ìdí ọkọ̀ á fẹ́ yí wá síwájú. Ó gbọ́dọ̀ yẹ pínpín yẹn wò, kó fi fáàfù tó ṣeé yí sí i tó bá yẹ, kó sì dán an wò ní pápá tó ṣófo kó tó gbé ọmọ sínú rẹ̀. Kó má sì retí pé ọkọ̀ á máa dúró ní ìdajì ibi tó ń dúró sí tẹ́lẹ̀. Orí òkè tó gùn, pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, ni èrè rẹ̀ ti máa hàn.

Kó sì wọn okùn háǹdì bíréèkì rẹ̀ dáadáa. Tó bá yọ díìsìkì Explorer yẹn, á bá dúrọ́ọ̀mù kékeré kan nínú ikùn rẹ̀, pẹ̀lú ṣúù méjì. Òun ló ń di ọkọ̀ mú tí a bá gbé e kalẹ̀.