Ta Ló Ni Pápá? Ìtàn Eré Ìgbà Ooru ní Chipping Campden

Ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Chipping Campden, ní Gloucestershire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn èèyàn máa ń gun òkè lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, bí ìgbà ooru bá ti ń wọlé, láti lọ wo àwọn tó ń gbá ara wọn lójúgun. A ò ṣàwàdà o. Èèyàn méjì á wọ ẹ̀wù funfun gbàgẹ̀rẹ̀ bíi ti àwọn darandaran ayé àtijọ́. Wọ́n á ki koríko gbígbẹ bọ inú ṣòkòtò kí ìrora lè dín kù. Wọ́n á di ara wọn mú léjìká, ẹnì kọ̀ọ̀kan á sì máa wá bó ṣe máa fi ẹsẹ̀ gbá èkejì lójúgun títí á fi ṣubú. Ẹni tó bá dá ẹnìkejì rẹ̀ lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú mẹ́ta ló borí. Adájọ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní "stickler". Òun ló ń ṣọ́ ọ pé ẹsẹ̀ kọ́kọ́ kan ojúgun kí ẹni náà tó ṣubú. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìṣubú yẹn ò wọlé.

Tí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á dá iná ńlá lórí òkè, báńgà aláwọ̀ oríṣiríṣi á máa tàn lójú ọ̀run. Lẹ́yìn náà èrò á gbé ògùṣọ̀ lọ́wọ́, wọ́n á tò sọ̀kalẹ̀ wá sínú ìlú, ijó á sì bẹ̀rẹ̀ ní gbàgede. Ọjọ́ kejì, ní Sátidé, ni ayẹyẹ tí wọ́n ń pè ní Scuttlebrook Wake. Wọ́n á fi ọmọbìnrin kan jẹ ayaba ọdún náà, àwọn ọmọdé á jó yí òpó gíga tí wọ́n so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ká, àwọn oníjó Morris á so ṣaworo mọ́ ẹsẹ̀, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ yí ọmọ ká lójú ọ̀run náà á sì pàgọ́ sójú títì.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí gbogbo èyí á ní eré lásán ni. Eré ni lóòótọ́. Àmọ́ ó ti lé ní 400 ọdún tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì ti kú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ohun tó ń pa á àti ohun tó ń jí i ni a fẹ́ bá yín sọ.

Àárín Birmingham àti Oxford ni Chipping Campden wà, lórí àwọn òkè tí wọ́n ń pè ní Cotswolds. "Chipping" tó wà nínú orúkọ rẹ̀, ọjà ló túmọ̀ sí nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Irun àgùntàn ló sọ ìlú náà di ọlọ́rọ̀. William Grevel, oníṣòwò irun àgùntàn tó kú ní 1401, wà lára àwọn tó là jù níbẹ̀. Ilé rẹ̀ ṣì wà ní òpópónà ńlá ìlú náà dòní. Ní 1627, Sir Baptist Hicks, olówó kan tó ń ta aṣọ olówó iyebíye fún àwọn ará ààfin ní London, kọ́ ilé ọjà olókùúta síbẹ̀ kí òjò má bàa pa àwọn tó ń ta bọ́tà, wàràkàṣì àti adìyẹ. Ilé ọjà yẹn náà ò tíì wó. Ìlú tó mọ bí wọ́n ṣe ń kó èrò jọ ni.

Ní nǹkan bí 1611 ni agbẹjọ́rò kan tó ń jẹ́ Robert Dover kó wá sí Saintbury, abúlé tí kò jìnnà síbẹ̀. Ará Norfolk ni. Ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé nǹkan bí 1612 ló bẹ̀rẹ̀ eré rẹ̀ lórí òkè tó wà lẹ́bàá ìlú, òkè tí wọ́n wá fi orúkọ rẹ̀ pè: Dover's Hill. Ọjọ́bọ̀ àti Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ Pẹ́ńtíkọ́sì ni wọ́n máa ń ṣe é. Kì í ṣe Dover ló kọ́kọ́ mú ayẹyẹ wọ agbègbè náà. Kí wọ́n tó bí i ni àwọn ará abúlé ti ń mutí, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n sì ń jà ìjàkadì ní ìgbà Pẹ́ńtíkọ́sì. Ohun tí Dover ṣe ni pé ó tò ó létòlétò, ó sì pe olówó àti mẹ̀kúnnù sórí pápá kan náà.

Wọ́n fi pákó kọ́ ilé olódi kékeré kan sórí òkè, wọ́n kó àgbá kéékèèké sínú rẹ̀. Tí àgbá bá ti dún, eré bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Dover fúnra rẹ̀ á gun ẹṣin, á wọ aṣọ ọba. Aṣọ ọba gidi ni o: Endymion Porter, ọmọ agbègbè náà tó ń ṣiṣẹ́ láàfin, ló bá a gba aṣọ tí Ọba James Kìíní ti wọ̀ rí, pẹ̀lú fìlà oníyẹ̀ẹ́. Àwọn olówó á sá eré ẹṣin, wọ́n á tú ajá sílẹ̀ kó máa lé ehoro. Àwọn yòókù á jà ìjàkadì, wọ́n á fi ọ̀pá na ara wọn, wọ́n á fò, wọ́n á ju òòlù ńlá, wọ́n á sì gbá ara wọn lójúgun. Àwọn obìnrin á jó. Rìbọ́ọ̀nù aláwọ̀ ìyeyè ni àmì pé èèyàn wà níbẹ̀ lọ́dún yẹn.

Kí ló dé tí agbẹjọ́rò á máa náwó nára sórí nǹkan báyìí? Ẹ rántí irú àsìkò tó jẹ́. Àwọn Kristẹni kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà tí wọ́n ń pè ní Píúrítánì. Lójú tiwọn, ijó, ọtí àti eré ní ọjọ́ Ọlọ́run, ẹ̀ṣẹ̀ pọ́ńbélé ni. Òpó tí wọ́n fi ń jó, òrìṣà ni wọ́n kà á sí. Àwọn ọba ò gbà fún wọn. Ní 1618, Ọba James tẹ ìwé àṣẹ kan jáde, tí àwọn èèyàn ń pè ní Ìwé Eré. Ó ní tí ìsìn bá ti parí lọ́jọ́ Sunday, kí ẹnikẹ́ni má dí àwọn èèyàn lọ́wọ́ láti jó, láti ta ọfà tàbí láti fò. Ọmọ rẹ̀, Charles Kìíní, tún un tẹ̀ ní 1633, wọ́n sì ní kí àwọn àlùfáà kà á nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn kan kọ̀ láti kà á, wọ́n sì jìyà rẹ̀.

Ẹ wá rí i pé eré orí òkè kì í ṣe eré nìkan mọ́. Ẹni tó bá gun òkè Dover ní ọ̀sẹ̀ Pẹ́ńtíkọ́sì, ó ti gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Ní 1636, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn àṣẹ Charles, àwọn akéwì tó lé ní ọgbọ̀n kó ewì jọ sínú ìwé kan tó ń jẹ́ Annalia Dubrensia láti fi yin Dover. Ben Jonson àti Michael Drayton wà lára wọn. Àwọn kan nínú wọn fi eré náà wé ti Òlíńpíìkì àwọn Gíríìkì, bó ṣe di pé wọ́n ń pè é ní Òlíńpíìkì Cotswold nìyẹn.

Àmọ́ ohun tí ọba gbé dúró, tí ọba bá ṣubú ńkọ́? Ní 1642, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín ọba àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ní 1643, ilé ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n sun Ìwé Eré níta gbangba. Ní 1644, wọ́n ní kí wọ́n hú gbogbo òpó ijó. Ní 1645, iná jó ilé ńlá tí Baptist Hicks kọ́ sí Campden, àwọn ọmọ ogun ọba fúnra wọn ló sì dáná sun ún nígbà tí wọ́n ń kúrò nílùú, kí ọ̀tá má bàa rí i lò. Ní 1647, ilé ìgbìmọ̀ fagi lé Kérésì, Àjíǹde àti Pẹ́ńtíkọ́sì lápapọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n fi ń ṣeré gan-an ni wọ́n yọ kúrò nínú kàlẹ́ńdà yẹn. Dover kú ní 1652, nígbà tí òkè rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́.

Ikú àkọ́kọ́ nìyẹn: àṣẹ ìjọba ló pa á. Ṣùgbọ́n irú ikú bẹ́ẹ̀ ò le púpọ̀. Nígbà tí Charles Kejì gorí ìtẹ́ ní 1660, àwọn èèyàn padà sórí òkè. Kò sí Dover, kò sí aṣọ ọba, àmọ́ pápá ṣì wà níbẹ̀. Eré náà sì ń bá a lọ fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún méjì.

Ikú kejì ló le. Láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, èrò tó ń wá ti pọ̀ kọjá ti ìgbà Dover. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ń gbẹ́ ihò abẹ́ òkè nítòsí ìlú náà fún ojú irin tó máa so Oxford pọ̀ mọ́ Worcester àti Wolverhampton. Nínú iṣẹ́ yẹn náà ni ìjà ńlá kan ti ṣẹlẹ̀ ní 1851 láàárín àwọn òṣìṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe àti àwọn tí Brunel, ẹnjiníà ńlá nì, kó wá lé wọn. Irú àwọn òṣìṣẹ́ báyìí ń gun òkè wá ní Pẹ́ńtíkọ́sì. Ọtí ń ṣàn, àwọn jáwójáwó ń ṣọdẹ, ìjà ìgboro ń bẹ́ sílẹ̀. Bourne, àlùfáà ìjọ Weston-sub-Edge tí òkè náà wà lábẹ́ rẹ̀, sọ pé èrò náà máa ń tó 30,000, àti pé àwọn tó burú jù láàárín Birmingham àti Oxford ló ń wá.

Òótọ́ lè wà nínú ẹ̀sùn yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo oògùn tí wọ́n lò. Ilẹ̀ ni wọ́n pín. Títí di ìgbà yẹn, ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ní ẹ̀tọ́ sí ni ilẹ̀ orí òkè yẹn. Òfin 1850 fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ fún àwọn onílẹ̀ àti àgbẹ̀, kálukú sì ṣọgbà yí tiẹ̀ ká. Eré 1852 ni wọ́n ṣe kẹ́yìn. Kì í ṣe Campden nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn o. Láàárín 1604 àti 1914, irú òfin bẹ́ẹ̀ tí ilé ìgbìmọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe lé ní 5,200, ilẹ̀ tó sì kàn lé ní ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ilẹ̀ náà.

Níbí ni ọ̀rọ̀ wa wà. Ní 1852, eré náà ò kú nítorí pé àwọn èèyàn ò nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́. Ìgbà tí èrò pọ̀ jù gan-an ló kú. Kò sí òfin tó sọ pé, "Ẹ ò gbọdọ̀ ṣeré." Wọ́n kàn rí i pé kò síbi tí wọ́n á ti ṣe é mọ́ ni. Ẹni tí wọ́n bá kọ̀ fún lè ṣàtakò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá bá ọgbà lójú pápá, kí ló fẹ́ ṣe?

Ohun tó kù ni wọ́n rọra kó wọ ìlú. Scuttlebrook Wake ń bá a lọ lójú títì, nítorí títì ò ṣeé ṣọgbà yí ká. Nígbà tó di 1902, C. R. Ashbee kó àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ àti ìdílé wọn, nǹkan bí 150 èèyàn, láti ìhà ìlà-oòrùn London wá sí Campden. Àgbẹ̀dẹ fàdákà, gbẹ́nàgbẹ́nà àti àwọn tó ń tẹ̀wé wà lára wọn. Ẹgbẹ́ wọn fọ́ ní 1908, ṣùgbọ́n àwọn kan dúró, ìlú náà sì di ibi tí àwọn oníṣẹ́ ọnà fẹ́ràn. Ọ̀kan lára àwọn tó tẹ̀ lé wọn wá ni ayàwòrán F. L. Griggs. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ta òkè Dover ní àwọn ọdún 1920, Griggs sáré wá owó láti fi gbà á là, òkè náà sì bọ́ sọ́wọ́ National Trust, àjọ tó ń tọ́jú ilẹ̀ àti ilé àtijọ́ fún gbogbo èèyàn.

Ẹ ṣàkíyèsí bó ṣe tò tẹ̀ léra: ilẹ̀ ló kọ́kọ́ padà. Eré ló tẹ̀ lé e. Ní 1951, nígbà tí gbogbo Britain ń ṣe àjọ̀dún lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Campden gbé eré Dover jáde. Nígbà tó di àárín àwọn ọdún 1960, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti máa bójú tó o. Nígbà tí London ń múra fún Òlíńpíìkì 2012, orúkọ òkè kékeré yìí tún jẹ yọ nínú ìtàn bí Òlíńpíìkì òde òní ṣe bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú Much Wenlock, níbi tí dókítà William Penny Brookes ti dá eré tiẹ̀ sílẹ̀ ní 1850, tí Pierre de Coubertin sì lọ wò ó ní 1890, ọdún mẹ́fà ṣáájú Òlíńpíìkì Athens.

Tí a bá wo gbogbo rẹ̀ pọ̀, nǹkan mẹ́ta ló ń gbé àjọ̀dún ìlú ró: èèyàn tó máa ṣètò rẹ̀, ìyọ̀ǹda ìjọba, àti ilẹ̀. Tí Dover bá kú, Dover mìíràn á dìde. Tí ìjọba bá kọ̀ lónìí, ìjọba mìíràn lè gbà lọ́la; ọdún méjìdínlógún péré ló wà láàárín ogun 1642 àti ìpadàbọ̀ ọba. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ lọ, 99 ọdún ni òkè náà fi wà láìsí eré.

Àwa tí a wà ní ọ̀dọ́, orí fóònù la sábà máa ń jà fún ayẹyẹ. A ń bèèrè ta ló máa kọrin, ẹgbẹ́ wo ló ń wọ aṣọ wo. Kò burú. Àmọ́ ẹ tún bèèrè ìbéèrè kan sí i. Pápá tí àwọn ọmọ àdúgbò yín ti ń gbá bọ́ọ̀lù, gbàgede tí ìlú yín ti ń kóra jọ, orúkọ ta ló wà lórí ìwé ilẹ̀ rẹ̀? Tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ tètè lọ bèèrè, kí ọgbà tó yí i ká.