Bitcoin, USDT àti náírà: èwo ló ń jó, èwo ló lè pòórá?

Tí àwọn èèyàn bá ń jiyàn lórí kírípítò, ìbéèrè méjì ni wọ́n sábà máa ń pò pọ̀. Àkọ́kọ́: ṣé iye rẹ̀ á dúró sójú kan? Èkejì: tí mo bá fi owó mi síbẹ̀ lónìí, ṣé màá bá a níbẹ̀ lọ́la? Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Nǹkan lè máa jó sókè sódò kó má sì sọnù. Nǹkan mìíràn lè dúró jẹ́jẹ́ fún ọdún kan gbáko, kó wá pòórá láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bitcoin ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀. Ẹni tó pe ara rẹ̀ ní Satoshi Nakamoto gbé ìwé bó ṣe máa ṣiṣẹ́ jáde ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 2008, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 2009. Kò ní báǹkì àpapọ̀, kò ní ọ̀gá. Àwọn kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ló jọ ń tọ́jú ìwé àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo tó ń sọ iye tó wà lọ́wọ́ ta ni. Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún 2010, ọkùnrin kan ní Florida san Bitcoin 10,000 fún píísà méjì. Gbogbo 10,000 yẹn ò tó 50 dọ́là nígbà náà.

Ní oṣù Kọkànlá 2021, ẹyọ kan ṣoṣo ti ń lọ sí 69,000 dọ́là. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 16,000. Ẹ fi ṣírò owó ilé: ẹni tó kó 1,000 dọ́là wọlé lọ́jọ́ tó ga jù, nǹkan bí 230 dọ́là ló kù sí i lọ́wọ́. Ohun tí àwọn tó ń polówó ẹ̀ kì í sọ ni pé nǹkan tó bá já tó bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin ó lé kó tó padà síbi tó wà. Ó padà síbẹ̀ lóòótọ́, ní oṣù Kẹta 2024, ó sì kọjá 100,000 dọ́là ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn. Ṣùgbọ́n oṣù méjìdínlọ́gbọ̀n ló gbà kó tó padà dé 69,000. Lanlọ́ọ̀dù wo ló máa dúró dè yín tó bẹ́ẹ̀?

Kí ló wá ń mú un jó báyìí? Ẹ ronú nípa tòmátì ní ọjà Mile 12. Tí ọkọ̀ ò bá tètè dé láti òkè Ọya, owó apẹ̀rẹ̀ kan á fò sókè. Tí ọkọ̀ bá dé wìtìwìtì, á já. Àgbẹ̀ tó rí i pé tòmátì wọ́n lọ́dún yìí lè gbin púpọ̀ sí i lọ́dún tó ń bọ̀. Bitcoin ò rí bẹ́ẹ̀. Mílíọ̀nù 21 ni gbogbo èyí tó máa wà láyé, ìṣirò kan tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ló sì ń pinnu bí tuntun ṣe ń jáde, ẹ wá a o, ẹ ò wá a o. Nǹkan bí ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni tuntun yẹn máa ń dín sí ìdajì, ó sì tún dín ní oṣù Kẹrin 2024. Tó bá jẹ́ pé ọjà ò lè pọ̀ sí i, tí kò sì lè dín kù, a jẹ́ pé iye nìkan ló kù tó lè yí. Gbogbo ìbẹ̀rù àti ìwọra àwọn tó ń rà á, orí iye ló ń já lé.

Gbèsè wà níbẹ̀ náà, èmi gan-an rò pé òun ló burú jù. Ẹnì kan ní 100 dọ́là, ó yá 900 mọ́ ọn lórí ojú òpó tó ti ń ṣòwò, ó fi gbogbo ẹ̀ ta tẹ́tẹ́ pé iye máa gòkè. Tí iye bá fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún já, 100 ẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ojú òpó náà á tà á kíákíá kó lè rí owó tiẹ̀ gbà. Títà yẹn á tún ti iye wálẹ̀, á kan ẹlòmíì tó yáwó, wọ́n á ta tiẹ̀ náà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá 2025, lẹ́yìn tí Ààrẹ Trump kéde owó orí tuntun lórí ọjà tó ń ti Ṣáínà wá, irú tẹ́tẹ́ bẹ́ẹ̀ tó lé ní bílíọ̀nù 19 dọ́là ló run láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan. Ọjà yìí kì í sì í tì: ó ń lọ lóru, ó ń lọ lọ́jọ́ Iléyá, ó ń lọ lọ́jọ́ Kérésì.

Ìdí nìyẹn tí kò fi rọrùn láti máa fi Bitcoin ra búrẹ́dì. El Salvador dán an wò. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án 2021, wọ́n sọ ọ́ di owó ìlú lábẹ́ òfin. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, ó já láti nǹkan bí 52,000 dọ́là sí nǹkan bí 43,000 kó tó gbéra padà díẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yá owó lọ́wọ́ IMF, wọ́n tún òfin náà ṣe ní oṣù Kìíní 2025: kò pọn dandan mọ́ fún ọlọ́jà kankan láti gbà á.

Àwọn tó ti sú fún ijó yìí ló sá lọ sọ́dọ̀ USDT àti USDC. Ìlérí tibẹ̀ ni pé ẹyọ kan jẹ́ dọ́là kan. Báwo? Ilé iṣẹ́ kan ló ní òun ti kó dọ́là tàbí ìwé gbèsè ìjọba Amẹ́ríkà pa mọ́ tó bá gbogbo ẹ̀ dọ́gba. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbí. Ijó ti dín kù, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ ti wọlé. Bitcoin ò ní ọ̀gá, USDT ní ọ̀gá, Tether lorúkọ wọn. Lọ́dún 2021, àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà gba mílíọ̀nù 18.5 dọ́là ní oṣù Kejì àti mílíọ̀nù 41 dọ́là ní oṣù Kẹwàá lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní ìgbà kan wà tí dọ́là tó wà nílẹ̀ ò tó ohun tí wọ́n ń sọ fáráyé. USDC náà rí tiẹ̀ ní oṣù Kẹta 2023: bílíọ̀nù 3.3 dọ́là owó wọn há sí Silicon Valley Bank tó kógbá sílé, ẹyọ kan já sí nǹkan bí sẹ́ńtì 87. Ìgbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ní àwọn á san owó àwọn tó fowó sí báǹkì náà ló tó padà bọ̀ sípò.

TerraUSD ò ní irú oríire yẹn. Òun náà ní dọ́là kan ni òun jẹ́, ṣùgbọ́n kò sí dọ́là lẹ́yìn ẹ̀. Kírípítò mìíràn tó ń jẹ́ Luna ló fẹ̀yìn tì. Wọ́n ń fún àwọn èèyàn ní èlé tó tó nǹkan bí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ó sì dúró jẹ́jẹ́ bí omi inú àmù. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún 2022, àwọn èèyàn sáré lọ gba owó wọn. Luna tó ju 80 dọ́là lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù náà ò tó sẹ́ńtì kan mọ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Nǹkan bí bílíọ̀nù 40 dọ́là ló lọ.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé náírà sàn ju gbogbo ẹ̀ lọ, ẹ rántí oṣù Kẹfà 2023. Kò tó 480 náírà tí báǹkì ń ṣẹ́ dọ́là kan kí CBN tó ní kí ọjà pinnu. Ní oṣù Kejì 2024, ó ti kọjá 1,500. Lóòótọ́, ọ̀dọ̀ àwọn mọ́là ti ju 700 lọ tẹ́lẹ̀. Ká tiẹ̀ ní 750 lẹ rí ṣẹ́, ẹni tó fi 750,000 náírà sí báǹkì nígbà yẹn ní owó 1,000 dọ́là. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, kò tó 500 dọ́là mọ́. Ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ fún oníbàárà ní London látinú yàrá kan ní Bodija, tó ń gba USDT, kì í ṣe wèrè. Báǹkì gan-an ló lé òmíràn lọ síbẹ̀: lọ́dún 2022, ọ̀pọ̀ wọn dín ohun tí káàdì náírà lè ná lókè òkun sí 20 dọ́là lóṣù. Nígbà EndSARS ní 2020, tí ọ̀nà báǹkì dí mọ́ Feminist Coalition, Bitcoin ni wọ́n fi ń gba owó ìrànwọ́.

Ó wá ku ìbéèrè kejì: ta ló bá yín mú un dání? Púpọ̀ nínú wa ò ní kírípítò lọ́wọ́ ara wa, ọwọ́ alájọ ló wà. Ojú òpó tẹ́ ẹ ti ń rà tẹ́ ẹ ti ń tà, alájọ ni. Mt. Gox ní Japan ni alájọ tó tóbi jù láyé nígbà kan. Nígbà tó kógbá sílé ní oṣù Kejì 2014, ó ní nǹkan bí Bitcoin 850,000 ti dàwátì. FTX tẹ̀ lé e ní oṣù Kọkànlá 2022. Wọ́n ti kó owó oníbàárà fún ilé iṣẹ́ mìíràn tí ọ̀gá wọn, Sam Bankman-Fried, dá sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ jù ú sẹ́wọ̀n ọdún 25 ní oṣù Kẹta 2024. Nígbà tí wọ́n máa san owó padà, iye tí Bitcoin jẹ́ ní oṣù Kọkànlá 2022 ni wọ́n fi ṣírò ẹ̀ fún àwọn oníbàárà, nígbà tó ti wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ jìnnà.

Nílé níbí, CBN ní kí báǹkì jáwọ́ nínú kírípítò ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì 2021, wọ́n sì yí ohùn padà ní oṣù Kejìlá 2023. Òfin tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní oṣù Kẹta 2025 fi í sábẹ́ àbójútó SEC. Àbójútó ni o, kì í ṣe ìdánilójú. Tí báǹkì yín bá kógbá sílé, NDIC á san tó mílíọ̀nù márùn-ún náírà fún yín. Tó bá jẹ́ ojú òpó kírípítò ló ṣubú, NDIC ò mọ̀ yín rí.

CBEX ni kí ẹ máa rántí. Wọ́n ní owó yín á di ìlọ́po méjì ní ọgbọ̀n ọjọ́. Ní oṣù Kẹrin 2025, kò sẹ́ni tó rí owó gbà mọ́, inú bí àwọn èèyàn, wọ́n ya wọ ọ́fíìsì wọn ní Ìbàdàn, wọ́n kó ohun tó wà níbẹ̀. Kò kan bóyá Bitcoin gòkè tàbí ó já lọ́sẹ̀ yẹn. Sogúndogójì ni, aṣọ kírípítò ló wọ̀.

Àwọn kan á ní kí kálukú di kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀ mú, kó má sí alájọ kankan. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi owó ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tí kì í ṣe tiẹ̀, kò sí oníbàárà ìṣẹ́ tẹ́ ẹ máa pè. Tí kọ́kọ́rọ́ bá sì sọnù, ó sọnù nìyẹn. Ní Newport, ní Wales, ọkùnrin kan ní kọ́kọ́rọ́ nǹkan bí Bitcoin 8,000 òun wà nínú ẹ̀yà kọ̀ǹpútà kan tó bá pàǹtírí lọ ní 2013. Ó bẹ ìjọba ìbílẹ̀ títí pé kí wọ́n jẹ́ kí òun hú ààtàn náà. Ó gbé wọn lọ sí kóòtù, adájọ́ sì da ẹjọ́ náà nù ní oṣù Kìíní 2025.